Ìmúnítì gómìnà: Kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ tó bá gbé ìjọba sílẹ̀ ni EFCC máa ń rántí ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi kan fi fóìsì nóòtì sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa lọ́jọ́ kan, ohùn wọn gbóná bí ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹ̀ l'Ọ́ṣòdì. EFCC, àjọ ìjọba tó ń mú àwọn tó ń kówó ìlú jẹ, ló mú gómìnà kan bó ṣe gbé ìjọba sílẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo sì ni ẹ̀gbọ́n mi ń bi, wọ́n bi í tó ìgbà mẹ́ta: "Ọdún mẹ́jọ gbáko ni ọkùnrin yìí fi wà níbẹ̀, níbo ni EFCC wà? Ṣé wọ́n sùn ni?" Gbogbo ẹbí fi àmì ẹ̀rín sí i, kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi náà ò dáhùn lọ́jọ́ yẹn torí ìdáhùn ẹ̀ gùn. Ìdáhùn náà rèé.

Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú o. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2022, Willie Obiano tó ṣe gómìnà Anambra fún ọdún mẹ́jọ gbé ìjọba fún Soludo, nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà EFCC ti mú un ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed l'Ékòó, ó fẹ́ wọ bàálù lọ sí Houston l'Amẹ́ríkà. Fayose ní tiẹ̀ ò dúró kí wọ́n wá òun rárá. Bí sáà ẹ̀ ṣe parí l'Ékìtì ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló gbé báàgì, ó wọ tí-ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ sí láyà pé EFCC, èmi rèé, ló bá gba ọ́fíìsì wọn lọ l'Abuja. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an? Kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú?

Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìmúnítì?

Ìmúnítì ni ààbò tí òfin ilẹ̀ wa fún àwọn èèyàn kan pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì wà lórí àléfà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá wọn ṣẹjọ́. Ó wà nínú òfin ọdún 1999, abala 308. Ohun mẹ́ta ló kà léèwọ̀. Ẹ ò lè gbé ẹni náà lọ sí kọ́ọ̀tù lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ara ẹ̀, ìbáà jẹ́ gbèsè ìbáà jẹ́ olè, ẹjọ́ tó sì ti wà nílẹ̀ kó tó débẹ̀ náà máa dúró. Ẹ ò lè mú un, ẹ ò lè tì í mọ́lé. Kọ́ọ̀tù ò sì lè fi ìwé pè é pé kó wá fojú hàn. Ó tán.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ wọ dánfó l'Ọ́balénde ẹ ń lọ sí Ọ̀ṣòdì, ọkọ̀ ti gun Third Mainland Bridge, ló bá di pé ẹnì kan dìde láàárín èrò, ó ní dẹ́rẹ́bà yìí jẹ òun lówó látèṣí, òun fẹ́ wọ́ ọ lulẹ̀ báyìí báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ pariwo mọ́ ọn. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ràn dẹ́rẹ́bà o, omi ló wà nísàlẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì ni ẹ̀mí gbogbo yín wà. Ẹ máa ní kó ṣe sùúrù, tí ọkọ̀ bá ti dé gáréèjì kó fún un lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì bó ṣe wù ú. Ohun tí àwọn tó ṣòfin yẹn ń rò nìyẹn: tí gbogbo ẹni tínú ń bí bá lè fa gómìnà lọ sí kọ́ọ̀tù lójoojúmọ́, ìgbà wo ló máa wa ọkọ̀?

Àmọ́ gbèsè yẹn ò parẹ́ o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Ìmúnítì kì í wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù, agbòjò lásán ni, ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á lórí ẹ, òjò tó ti ń dúró máa pa ẹ́. Òfin náà tiẹ̀ sọ pé tó bá jẹ́ irú ẹjọ́ tó ní gbèdéke ọjọ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ pè é, wọn ò ní ka gbogbo ọdún tẹ́ni náà fi wà lórí àléfà mọ́ ọn.

Nǹkan kan tún wà tí kò yé èèyàn. Ẹ máa ń gbọ́ kí gómìnà kan jókòó sórí tẹlifíṣàn kó ní "mo bọ́ ìmúnítì mi sílẹ̀, ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ kó gbé mi lọ kọ́ọ̀tù." Ariwo lásán ni. Kì í ṣe tiẹ̀, ipò ló ni ín, kò lè bọ́ ọ sílẹ̀. Kọ́ọ̀tù tó ga jù nílẹ̀ wa ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2001 nínú ẹjọ́ kan tó wà láàárín iléeṣẹ́ owó kan àti Bọ́lá Tinúbú nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó, wọ́n ní kí ẹjọ́ náà dúró títí á fi kúrò nípò.

Àwọn wo ló ní in?

Ipò mẹ́rin péré. Ààrẹ, igbákejì ààrẹ, gómìnà, igbákejì gómìnà. Tẹ́ ẹ bá kà wọ́n pọ̀ káàkiri Nàìjíríà, èèyàn 74 ni. (Ẹ má bi mí ìdí tí wọ́n fi fún kọ̀ńdọ́ náà pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ igbákejì gómìnà kì í rí iṣẹ́ kankan ṣe ju kó lọ ṣojú ọ̀gá ẹ̀ níbi ìsìnkú.)

Sẹ́nétọ̀ ò ní in. Mínísítà ò ní in, títí kan mínísítà Abuja tó ń ṣe bíi gómìnà. Kọmíṣánnà ò ní in, alága káńsù ò ní in, ọ̀gá pátápátá ní báńkì àpapọ̀ ò ní in. Joshua Dariye tó ti ṣe gómìnà Plateau tẹ́lẹ̀ ń jókòó nílé aṣòfin àgbà gẹ́gẹ́ bíi sẹ́nétọ̀ ni kọ́ọ̀tù jù ú sẹ́wọ̀n ní oṣù kẹfà ọdún 2018. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé wọn ò lè mú alága káńsù àdúgbò yín torí ó ní ìmúnítì, irọ́ ni, bóyá wọn ò kàn fẹ́ mú un ni.

Àwọn tó yí gómìnà ká náà ò sí lábẹ́ agbòjò yẹn. Akáǹtáǹtì ẹ̀, kọńtírákítọ̀ ẹ̀, ìyàwó ẹ̀, ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ ra ilé, gbogbo wọn ni EFCC lè gbé nígbàkigbà, ẹni tó gbé epo lájà nìkan kọ́ ló jalè, ẹni tó gbà á sílẹ̀ náà jẹ̀bi. Nígbà tí Yahaya Bello ṣì ń ṣe gómìnà lọ́wọ́ ní Kogi ni EFCC ti gbé mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan dé iwájú adájọ́. Ẹ fi ojú yìí wo ìròyìn tẹ́ ẹ bá ń kà: tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ń mú àwọn èèyàn kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan láyìíká gómìnà kan, wọ́n ń dúró de òun náà ni.

Ṣé kí EFCC wá káwọ́ gbera títí di ọjọ́ yẹn ni?

Rárá, ibi tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ dáadáa rèé. Mímú àti ìwádìí kì í ṣe nǹkan kan náà. Ẹ ò lè wọ́ dẹ́rẹ́bà lulẹ̀ lórí bíríìjì, àmọ́ ta ló ní kẹ́ ẹ má kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀?

Olóògbé Gani Fawehinmi ló jà á dé òpin. Ó ní kí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ṣèwádìí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan gómìnà Èkó ìgbà yẹn lórí sátífíkéètì ẹ̀, ọlọ́pàá ní ìmúnítì ò gba àwọn láyè, Gani bá gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù. Lọ́dún 2002 kọ́ọ̀tù tó ga jù dá a pé ìmúnítì ò dí ìwádìí lọ́wọ́, ọlọ́pàá lè wádìí gómìnà, wọ́n lè kó ẹ̀rí jọ, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ di ọjọ́ tó bá sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kiní kan sí i, wọ́n ní Gani ò lè fipá mú ọlọ́pàá pé dandan kí wọ́n wádìí o, ọwọ́ wọn ló wà. Ìwádìí náà ò sì wáyé nípasẹ̀ ẹjọ́ yẹn.

Ẹ wá rántí Obiano. Kò sí iṣẹ́ àfọ̀ṣẹ nínú bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ń lọ Houston lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2021, oṣù mẹ́rin kó tó gbé ìjọba sílẹ̀, ni EFCC ti kọ̀wé sí àwọn Immigration pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Fáìlì ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ ni wọ́n ń kà.

Ìmúnítì ò sì dí ẹjọ́ ìbò lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ó ń dí i ni, Agagu ì bá má fi ipò sílẹ̀ fún Mímikò l'Óǹdó lọ́dún 2009, Olúṣẹ́gun Òní ì bá má fi í sílẹ̀ fún Fáyẹmí l'Ékìtì, Oyinlọlá ì bá má sì fi í sílẹ̀ fún Arẹ́gbẹ́ṣọlá l'Ọ́ṣun lọ́dún 2010. Kọ́ọ̀tù ló lé gbogbo wọn. Bákan náà, tó bá jẹ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló wó ilé yín, ẹ lè pe gómìnà lẹ́jọ́ nítorí ipò ẹ̀. Owó tó kó sápò ara ẹ̀ ni ẹ ò lè tìtorí ẹ̀ pè é ní báyìí.

Tó bá wọ bàálù lọ London ńkọ́?

Agbòjò yẹn ò kọjá bọ́dà o. Diepreye Alamieyeseigha tó ń ṣe gómìnà Bayelsa ló kọ́kọ́ fi ojú rí i. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, ó ń bọ̀ láti Jámánì, àwọn ọlọ́pàá London mú un ní Heathrow, wọ́n ká owó tó tó mílíọ̀nù 1 pọ́n-ùn mọ́ ilé ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn lọ́yà ẹ̀ ní gómìnà ni, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kọ́ọ̀tù London ní ààrẹ orílẹ̀-èdè làwọn mọ̀, gómìnà ìpínlẹ̀ kì í ṣe ààrẹ orílẹ̀-èdè, kó jókòó kó jẹ́jọ́. Wọ́n fún un ní béèlì, nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá wọ́n kàn ṣàdédé rí i ní Yenagoa ni. Wọ́n ní ó múra bí obìnrin ló fi sá lọ, òun ní irọ́ ni. Ohun tó wá dùn mọ́ èmi nínú ìtàn yẹn ni pé bó ṣe balẹ̀ sí Bayelsa báyìí, ìmúnítì tún bò ó padà, kò sẹ́ni tó lè mú un mọ́! Àfìgbà táwọn aṣòfin Bayelsa yọ ọ́ nípò ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 2005 kan náà ni agbòjò tó ká, EFCC sì gbé e. Ọdún 2007 ló gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n fún un lẹ́wọ̀n ọdún méjì, àmọ́ wọ́n ka èyí tó ti lò ní àtìmọ́lé mọ́ ọn, kò pẹ́ tó fi jáde. Igbákejì tó bọ́ sípò ẹ̀ ń jẹ́ Goodluck Jonathan. Lọ́dún 2013 Jonathan ti di ààrẹ, ó sì dárí ji ọ̀gá ẹ̀ àtijọ́.

James Ibori náà ńkọ́? Ó ṣe gómìnà Delta láti 1999 di 2007. Ìmúnítì ti kúrò lórí ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù l'Asaba, ẹ̀sùn 170 ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀, ní oṣù Dìsẹ́ḿbà 2009 adájọ́ dá gbogbo ẹ̀ nù, kò ku ẹyọ kan. Ó sá lọ Dubai lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti fà á lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní kọ́ọ̀tù London lọ́dún 2012, fúnra ẹ̀ ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn 10, wọ́n fún un lẹ́wọ̀n ọdún 13. Ọkùnrin kan náà, owó Delta kan náà. L'Asaba, ẹ̀sùn 170, òdo. Ní London, kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ṣe wàhálà títí.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá mílíọ̀nù 4.2 pọ́n-ùn padà lọ́dún 2021 nínú owó yẹn, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn fẹ́ fi kún owó bíríìjì kejì lórí odò Niger, ọ̀nà Abuja sí Kano, àti ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ará Delta fárígá, wọ́n ní àpò àwọn ni wọ́n ti jí i, kí ló kan Ìbàdàn nínú ẹ̀. Èmi tí mo ń gba ọ̀nà yẹn déédéé, mi ò lè bá wọn jiyàn.

Sáà parí, agbòjò ti ká, kí ló tún wá ń pẹ́?

Ibí ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bú ìmúnítì. Ìmúnítì gómìnà kì í ju ọdún mẹ́jọ lọ. Ẹ wá bá mi wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ.

Dariye tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọdún 2007 ló kúrò nípò, ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. 2018 ni wọ́n tó dá a lẹ́bi. Ọdún 11! Àwọn lọ́yà ẹ̀ ò tíì ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́, wọ́n ní kọ́ọ̀tù yìí ò láṣẹ láti gbọ́ ọ, ìyẹn gba kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ, ó dé ọ̀dọ̀ kọ́ọ̀tù tó ga jù, wọ́n ní kó padà síbi tó ti wá, ọdún 2015 ni ìyẹn. Nígbà tó wá ṣẹ̀wọ̀n tán díẹ̀, ìjọba dárí jì í lọ́dún 2022, pa pọ̀ mọ́ Jolly Nyame tó ṣe gómìnà Taraba.

Ti Orji Uzor Kalu ló máa ń da orí àwọn èèyàn rú jù, ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́. 2007 ló kúrò nípò gómìnà Abia, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, Dìsẹ́ḿbà 2019 ni wọ́n fún un lẹ́wọ̀n ọdún 12. Oṣù karùn-ún ọdún 2020, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní ìdájọ́ yẹn ò dúró. Ṣé torí pé kò jalè ni? Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ yẹn ni wọ́n gbé ga sí kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàárín kan, wọ́n wá ní kó padà sísàlẹ̀ wá parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó dà bíi tíṣà tí wọ́n sọ di ọ̀gá ilé ìwé mìíràn, tó tún padà sí kíláàsì ẹ̀ àtijọ́ wá máàkì ìwé ìdánwò. Kọ́ọ̀tù ní kì í ṣe tíṣà ibẹ̀ mọ́, máàkì tó fún ọmọ ò wúlò. Kalu jáde lẹ́wọ̀n, ó padà sílé aṣòfin àgbà, nígbà tó tún di 2021 kọ́ọ̀tù kan l'Abuja ní EFCC ò gbọdọ̀ tún bá a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Fayose tó wọ tí-ṣẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2018 yẹn, ọdún 2025 ni kọ́ọ̀tù ní EFCC ò rí ẹ̀rí gidi mú wá, wọ́n dá a sílẹ̀. Obiano ní tiẹ̀, wọ́n mú un ní 2022, oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n tó gbé e dé iwájú adájọ́, ó ní òun ò jẹ̀bi. Tó bá jẹ́ pé fáìlì ti wà nílẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó mú un, kí ni wọ́n wá ń ṣe láàárín ọdún méjì yẹn? Èmi náà ń béèrè o.

Ti Yahaya Bello tún ní ọgbọ́n tiẹ̀ nínú. Oṣù kìíní ọdún 2024 ló kúrò nípò, oṣù kẹrin EFCC lọ yí ilé ẹ̀ ká l'Abuja lórí ẹ̀sùn pé owó tó lé ní bílíọ̀nù 80 náírà poora. Gómìnà tuntun, Usman Ododo, wá síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńfọ́ì ẹ̀, nígbà tó fi máa lọ, wọ́n ní Bello ti wà nínú ọkọ̀ ẹ̀. Nínú ìwé òfin, agbòjò Ododo ò bo ẹlòmíì mọ́ ọn. Àmọ́ ta ni ọlọ́pàá tó máa dá ọkọ̀ gómìnà dúró tí á ní kó ṣílẹ̀kùn kóun yẹ ìjókòó ẹ̀yìn wò? Ìparí ọdún yẹn ni Bello tó dúró níwájú adájọ́, òun náà ní òun ò jẹ̀bi.

Ṣé wọn ò lè lé e sọ̀kalẹ̀ kó tó dé gáréèjì ni?

Wọ́n lè lé e. Ìyọnípò ni wọ́n ń pè é, abala 188 ló wà fún gómìnà. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ máa kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ìwádìí wáyé, adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ á yan èèyàn 7 tí kì í ṣe olóṣèlú láti wò ó, tí wọ́n bá ní òótọ́ ni, àwọn aṣòfin á tún dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta náà ni. Tó bá ti jáde báyìí, kò ní ìmúnítì mọ́, lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ó dára lórí ìwé. Ní Ìbàdàn, oṣù kìíní ọdún 2006, wọ́n yọ Ràṣídì Ládọjà báyìí. Aṣòfin 32 ló wà nílé, 18 ló yọ ọ́. Kí ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 tó pé, ó kéré tán wọ́n gbọ́dọ̀ tó 22, ọmọ kékeré tó mọ ìṣirò mọ̀ ọ́n. Wọ́n tiẹ̀ ti ṣe ìpàdé kan níbi ọ̀rọ̀ yẹn ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó gba kọ́ọ̀tù di Dìsẹ́ḿbà kó tó dá Ládọjà padà sípò, oṣù mọ́kànlá ti lọ nínú sáà ẹ̀. Èmi ò sọ pé gómìnà yẹn ṣe rere tàbí ibi o, mo kàn ń sọ pé irinṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún kówójẹ, àwọn bàbá ìsàlẹ̀ náà mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó fún ẹni tí kò bá gbọ́ tiwọn.

Wọn ò ṣe kúkú yọ abala 308 kúrò?

Àwọn kan ti pè fún un, Yar'Adua náà sọ ọ́ nígbà tó wà nípò ààrẹ pé kí wọ́n yọ ọ́. Ohun tó ń dí i rèé: láti yí òfin ọdún 1999 padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin l'Abuja gbọ́dọ̀ gbà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 náà sì gbọ́dọ̀ gbà. Nílé aṣòfin àgbà ẹ máa rí àwọn gómìnà àná tó ti di sẹ́nétọ̀, ní ìpínlẹ̀ ẹ máa rí àwọn aṣòfin tó jẹ́ pé ọwọ́ gómìnà ni tíkẹ́ẹ̀tì wọn ti wá, òun náà ló máa ń ra jíìpù fún wọn.

Mo ti ka gbogbo èyí sínú fóìsì nóòtì fún ẹ̀gbọ́n mi, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Wọn ò tíì ṣí i.